Alẹ́ Kan ní Royal Albert Hall: Àwo Orin Ginger Baker's Air Force àti Àwọn Onílù Rẹ̀

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n mú àwo orin kan ṣoṣo, kí n sì sọ ìdí tó fi yẹ ká tún un gbọ́. Èyí tí mo mú jẹ́ àwo rọ́ọ̀kì, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ojú agbo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1970. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Ginger Baker's Air Force. Àwọn mẹ́wàá tó dúró sórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n máa jọ ṣeré ní gbangba nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kíní rẹ̀ jẹ́ ní Birmingham Town Hall, ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú. Kí ọdún 1970 tó parí, agbo náà ti tú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò lọ́jú pọ̀. Nínú àwo yìí, ìlù ló ni ilé, àlejò ni gbogbo àwọn olórúkọ ńlá tó kù. Lára àwọn tó ń lu ìlù ọ̀hún sì ni ọmọ Nàìjíríà kan wà, Remi Kabaka, tí àwọn òǹkọ̀wé orin òyìnbó máa ń dárúkọ rẹ̀ ní ìparí gbólóhùn, bí ẹni pé ó ṣèèṣì bá wọn wọlé ni. Èrò mi ni pé bí a bá yọ onílù yẹn kúrò nínú ìtàn náà, apá ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ kò ní yé wa mọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìpìlẹ̀.

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Peter Edward Baker ní Lewisham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Irun orí rẹ̀ tó pọ́n ló sọ ọ́ di Ginger. Jáàsì ló kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, Phil Seamen gbọ́ ọ níbi tó ti ń lùlù. Ẹni tí gbogbo onílù jáàsì ní Ìlú Ọba nígbà náà ń wò lójú ni Seamen. Ó mú ọmọkùnrin náà lọ sílé, ó gbé àwo àwọn onílù Áfíríkà sórí ẹ̀rọ fún un, ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń wá ibi tí ẹsẹ̀ ìlù wà nígbà tí ìlù púpọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Baker sọ ìtàn yìí fún àwọn oníròyìn lọ́pọ̀ ìgbà títí ọjọ́ ogbó rẹ̀, pé òru yẹn ló ṣí òun létí.

Ẹ má ṣe rò pé inú àwo nìkan ni ìlù Áfíríkà wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Láti ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ti parí ni Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ West African Rhythm Brothers ti ń ṣeré ní ìlú náà. Wọ́n ṣeré ní àwọn ilé ijó ní Soho, àwọn olórin jáàsì sì máa ń yà síbẹ̀ láti gbọ́ wọn. Ní ọdún 1958, Fela, ọmọ Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta, dé sí Trinity College of Music, òun àti Baker sì mọ ara wọn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, kí Fela tó padà sílé ní ọdún 1963. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1969, nígbà tí Rolling Stones ṣeré ọ̀fẹ́ ní Hyde Park, onílù Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Ginger Johnson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló gun orí ìtàgé bá wọn lùlù. Nítorí náà, kì í ṣe pé Kabaka jábọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn kan ti lu ìlù sí etí ìlú náà fún ohun tó ju ogún ọdún lọ.

Baker fúnra rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ọdún 1966, nígbà tí òun, Eric Clapton àti Jack Bruce dá Cream sílẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí Cream, àwọn tó mọ̀ ọ́n níbí pọ̀. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé ìlù méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni Baker gbé síwájú ara rẹ̀, èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn onírọ́ọ̀kì ayé ìgbà náà, ó sì ní orin kan, "Toad", tí ó máa ń fi ìlù nìkan kún fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Royal Albert Hall ni Cream ti ṣe ìdágbére wọn ní ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, ọdún 1968. Lẹ́yìn wọn ni Blind Faith dé, tí Baker, Clapton, Steve Winwood àti Ric Grech jọ wà nínú rẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré ní gbangba, nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ, wọ́n ti parí ìrìn àjò Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ sì ti tú. Clapton bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Baker kò ní ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mọ́ mi nìyí. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ọmọdé olórin méjì péré ni yóò wá, kí wọ́n lè máa gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Baker kó àgbà jọ. Ó pe Phil Seamen, olùkọ́ rẹ̀, ó ní kó wá jókòó sí ìdí ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó pe Graham Bond, tó ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Graham Bond Organisation láti ọdún 1963, pé kó wá fun sakisofóònù kó sì tẹ dùùrù. Ó pe Harold McNair, ọmọ Kingston ní Jàmáíkà, tí fèrè rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù *Kes*. Winwood àti Grech bá a wá láti inú Blind Faith. Chris Wood wá pẹ̀lú fèrè àti sakisofóònù láti inú Traffic, ẹgbẹ́ Winwood àtijọ́. Denny Laine, tó kọrin "Go Now" nígbà tó wà pẹ̀lú Moody Blues, gbé gìtá, ó sì ń kọrin. Jeanette Jacobs, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń jẹ́ The Cake, gbé ohùn obìnrin wọ inú agbo náà. Remi Kabaka ló ṣe ẹnì kẹwàá wọn.

Ẹ tún ètò náà wò. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, mẹ́ta jẹ́ onílù, mẹ́ta sì ń fun fèrè àti sakisofóònù. Gìtá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ní ọdún 1970, ibi tí gìtá ti jẹ́ ọba, yóò rí i pé Baker ti dojú ètò náà dé. Ètò agbo ìlù ló tò. Ibẹ̀ ni mo ti ní etí wa, àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nídìí dùndún àti bàtá, lè gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíràn fò kọjá.

Ṣé ẹ mọ bí agbo dùndún ṣe ń ṣiṣẹ́. Gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti ìsáájú kì í sá kiri. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń wí, wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí ìyá ìlù lè rí ilẹ̀ tó le tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Bí ìyá ìlù bá ń pe oríkì tí omele sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ fi ara hàn, ariwo lasán ló kù. Ìbéèrè tó yẹ ká bi àwo Air Force ni pé: nígbà tí onílù mẹ́ta jókòó, tí méjì nínú wọn sì jẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ta ni ìyá ìlù, ta sì ni omele?

Ìdáhùn mi ni pé ó ń yí padà láti orin dé orin, ìyẹn ló sì mú kí àwo náà wà láàyè títí di òní. Nínú "Toad", Baker ló ni orin, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn onífèrè gbé orin náà sókè, wọ́n sọ ohun tó jẹ́, wọ́n sì yẹra. Ìlù gba pápá. Ẹni tó bá ti gbọ́ "Toad" ti Cream, èyí tó wà lórí *Wheels of Fire* ti ọdún 1968, mọ̀ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń bá ara rẹ̀ jà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ti Albert Hall yàtọ̀. Baker kò dá nìkan wà mọ́. Bó bá dákẹ́, ẹlòmíràn á dáhùn. Bó bá sáré, ẹnì kan wà tí kò ní sáré bá a, tí yóò jókòó lórí ẹsẹ̀ ìlù bí àgbà tó ń wo ọmọ tó ń fò. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀, ó sì jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Aiko Biaye" ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ gbọ́ orin kan péré nínú àwo méjì yìí, ẹ gbọ́ èyí. Orin lílé àti gbígbè ni, ohùn ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀, ìlù ọwọ́ àti ìlù ọ̀pá sì jọ ń rìn. Kò ní ìtàn gígùn tó ń sọ, kò sì ní ibi tó ń kánjú lọ. Àwọn onífèrè ń wọlé, wọ́n ń jáde, agbo kò tú. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1971, Osibisa, ẹgbẹ́ tí Teddy Osei ọmọ Gáńà jẹ́ olórí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi orin kan tí orúkọ rẹ̀ sún mọ́ èyí pẹ́kípẹ́kí, "Ayiko Bia", sínú àwo wọn àkọ́kọ́. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé orin yìí kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onírọ́ọ̀kì. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló ti wọlé, Kabaka sì ni ẹni tó lè gbà á lójú ilé nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí agbo bá dé inú orin yìí, Baker ọlọ́lá kì í ṣe ìyá ìlù mọ́. Ó gbà láti ṣe omele. Fún ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí oníbìínú àti agbéraga, mo ka ìyẹn sí ohun ńlá.

Àwọn orin tó kù, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí gbogbo wọn. "Da Da Man" jẹ́ ti McNair, jáàsì gidi ni. "Early in the Morning" ti wà lẹ́nu Graham Bond tipẹ́, ó wà lórí àwo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1965, orin iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ló sì jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Aiko Biaye" kí ẹ gbọ́ bí lílé àti gbígbè ṣe gba òkè òkun lọ, tó tún padà pàdé ara rẹ̀ lórí ìtàgé kan náà. "Do What You Like" wá láti inú àwo Blind Faith, ẹsẹ̀ márùn-ún márùn-ún ló ń rìn, ìyẹn sì máa ń da ẹni tó fẹ́ jó láàmú. "Man of Constant Sorrow" jẹ́ orin àwọn ará òkè Amẹ́ríkà àtijọ́, Denny Laine ló kọ ọ́, òun ni wọ́n sì mú jáde gẹ́gẹ́ bí àwo kékeré, nítorí pé òun nìkan ló kúrú tó fún rédíò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, torí ilé náà wà lára ohun tí à ń gbọ́. Ọdún 1871 ni wọ́n ṣí Royal Albert Hall. Ó rí roboto, òrùlé rẹ̀ ga lọ sókè bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti kọ́ ọ ni ohùn ti máa ń lu òrùlé tí á tún padà wá bá olórin. Àwọn tó ń ṣeré kíláásíkà ráhùn nípa rẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Lẹ́yìn tí Cream ti ṣe ìdágbére tiwọn, ní ọdún 1969, wọ́n so àwo pẹrẹsẹ 135 tí wọ́n fi gíláàsì oníhun ṣe kọ́ sábẹ́ òrùlé náà, kí wọ́n lè gbé ohùn náà mì kó tó padà sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n ní olú, nítorí bí wọ́n ṣe rí bí ẹní ń wo olú láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Baker padà sí ilé yìí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, kò bá ilé tó fi sílẹ̀. Ilé náà ti ń gbọ́ràn díẹ̀ sí i.

Síbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín: àwo náà kò mọ́ tónítóní. Ìlù mẹ́ta àti àwọn ìlù ẹsẹ̀ bo gìtá béèsì mọ́lẹ̀ níbòmíràn. Nígbà mìíràn sakisofóònù wà níwájú, nígbà mìíràn ó dà bí ẹni pé ó wà nínú yàrá kejì. Jimmy Miller, tó ń bá Rolling Stones àti Traffic ṣiṣẹ́ nígbà náà, ló bójú tó o, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú ni. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe ló fà á. Ènìyàn mẹ́wàá tí wọn kò tíì mọ ara wọn dáadáa lórí ìtàgé, tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn láti fẹ̀ síwájú, ni wọ́n gbé máíkírófóònù sí níwájú. Àwọn alárìíwísí ìgbà náà tó ní ó gùn jù, tó ní ó dàrú níbi tó dàrú sí, kò purọ́ pátápátá. "Don't Care" lé ní ìṣẹ́jú méjìlá, èmi fúnra mi rò pé mẹ́fà tó o.

Ṣùgbọ́n ìdàrú yẹn gan-an ló jẹ́ ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ inú sítúdíò ni wọ́n ti ṣe é, wọn ìbá ti gé ibi tí Bond wọlé ṣáájú àkókò, wọn ìbá ti dín ìlù kù, wọn ìbá ti tún orin kọ ní ìgbà mẹ́wàá títí gbogbo ènìyàn á fi mọ àyè rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà kò ní sí nínú irú àwo bẹ́ẹ̀: bí ènìyàn mẹ́wàá ṣe ń wá ara wọn ní gbangba. Ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ pọ̀ kò lè fún ọ ní ohùn yìí, nítorí wọ́n ti rí ara wọn tipẹ́. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé tí kò sì ní pẹ́ pọ̀ nìkan ló ní i, bí téèpù kò bá sì yí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá kásẹ́ẹ̀tì eré òde àríyá àwọn fújì àti jùjú ayé àtijọ́ kiri mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tí ẹlẹ́gbẹ́ ṣe àṣìṣe, tí olórin sì yí àṣìṣe náà padà di ẹsẹ̀ orin tuntun, òun ni olólùfẹ́ orin máa ń dá téèpù padà síbẹ̀.

Oṣù Kẹta ọdún 1970 ni àwo náà jáde, àwo méjì nínú pálí kan, Polydor ló gbé e jáde ní Ìlú Ọba, Atco sì ni ní Amẹ́ríkà. Ó dé ipò 37 ní Ìlú Ọba, ó dé ipò 33 ní Amẹ́ríkà, ìyẹn kò burú fún àwo tí ọ̀pọ̀ orin rẹ̀ gùn jù fún rédíò. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi ń rà á, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ń túká. Winwood àti Wood ti padà sí ọ̀dọ̀ ara wọn, Traffic tún dìde, àwo *John Barleycorn Must Die* sì jáde lọ́dún kan náà. Àwọn mìíràn rọ́pò wọn nínú Air Force, àwo kejì wà tí ẹ lè wá, ṣùgbọ́n agbo mìíràn ni. Harold McNair kú ní oṣù Kẹta ọdún 1971, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Phil Seamen kú ní ọdún 1972. Graham Bond kú ní ọdún 1974 ní ibùdókọ̀ ojú irin Finsbury Park. Chris Wood lọ ní 1983, Grech ní 1990, Baker fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 2019, Denny Laine ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Oògùn olóró àti ọtí ba ayé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. Mo ka orúkọ wọn fún yín nítorí pé olórin ńlá ni wọ́n, wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ.

Kò tán síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀lé ẹsẹ̀ àwọn tó kúrò lórí ìtàgé yẹn, ọ̀nà ilé wa ni yóò mú yín gbà.

Ẹ wo Baker ná. Ní ọdún 1971, ó wa ọkọ̀ Range Rover gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà, Tony Palmer sì ya ìrìn náà sí fíìmù. Lọ́dún kan náà, òun àti Fela pẹ̀lú Africa '70 gba àwo *Live!* sílẹ̀ ní sítúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù, níwájú àwọn ènìyàn tí wọ́n pè wá gbọ́ wọn. Orin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, "Egbe Mi O" sì wà lára wọn. Tony Allen ló jókòó sí ìdí ìlù Africa '70, Baker bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé ohun tó ṣe ní Albert Hall ló tún ń ṣe: ó wá ẹni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan, ó lọ jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n tún tẹ àwo *Live!* jáde ní ọdún 2001, wọ́n fi eré ìlù Allen àti Baker kún un, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní àjọ̀dún jáàsì Berlin ní ọdún 1978. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni, onílù méjì péré. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn "Toad" ti Air Force, ẹ óò gbọ́ bí Baker ṣe dàgbà sí i. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀.

Ẹ wá wo Kabaka àti Winwood. Ní ọdún 1973, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Abdul Lasisi Amao, ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú Osibisa, dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Third World. Wọn kì í ṣe àwọn ará Jàmáíkà tó jẹ́ irú orúkọ náà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣe àwo kan ṣoṣo, *Aiye-Keta*, Island ló gbé e jáde. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ láàárín wa kò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ Yorùbá ló wà lójú pálí rẹ̀. Winwood tó ti bá Blind Faith kọrin fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ní Hyde Park ni ó jókòó pẹ̀lú ọmọ Nàìjíríà méjì, tó sì fi wọ́n ṣe olórí. Albert Hall ni ibi tí òun àti Kabaka ti kọ́kọ́ jọ wà lórí àwo kan náà.

Èyí tó kù ló yà mí lẹ́nu jù. Oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973 ni Paul McCartney wá sí Èkó láti ṣe *Band on the Run*. Denny Laine ló bá a wá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ Wings. Sítúdíò EMI ní Àpápá ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Fela binú, ó ní wọ́n wá jí orin aláwọ̀ dúdú gbé. Baker, tó ti ṣí sítúdíò tirẹ̀ sí Ìkẹjà, tí wọ́n ń pè ní ARC, fẹ́ kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, wọ́n sì lọ gba orin kan síbẹ̀, "Picasso's Last Words", níbi tí Baker fúnra rẹ̀ ti ń mi agolo tí wọ́n bu òkúta wẹẹrẹ sí. Lẹ́yìn tí wọ́n padà dé Lọ́ńdọ̀nù, McCartney wá onílù tí yóò bá òun fi ìlù sí "Bluebird". Ta ni wọ́n pè? Remi Kabaka. Nígbà tí McCartney béèrè ibi tó ti wá, Èkó náà ló ní.

Ẹ rí i? Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́wàá Albert Hall ló wà lórí àwo yẹn: Laine, Baker, Kabaka. Mílíọ̀nù ènìyàn ló ti ra *Band on the Run*, àwọn díẹ̀ ló mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ ohun tó ṣẹ́ kù nínú agbo kan tó tú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Kabaka sì tún bímọ sídìí iṣẹ́ náà: ọmọ rẹ̀, Remi Kabaka kékeré, ni ohùn Russel, onílù inú àwòrán ẹgbẹ́ Gorillaz.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí, pé ṣé Baker kò jí orin wa ni. Fela bi McCartney ní ìbéèrè yẹn, ìbéèrè tó tọ́ ni, mi ò sì ní yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orúkọ Baker ló wà lójú pálí àwo Air Force ní lẹ́tà ńlá, orúkọ Kabaka sì wà níbi tí ó wà. Owó náà kò ní pín dọ́gba, a kò nílò ẹni tí yóò sọ ìyẹn fún wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi etí nìkan ṣe ìdájọ́, ẹni tó jalè kì í pe onílé wá jókòó sí àárín agbo, kì í sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ẹ̀sùn tí mo ní, àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ lẹ́yìn wọn ni mo fi ń kàn. Àwọn ló gbọ́ onílù mẹ́ta, tí wọ́n sì kọ ìtàn ẹyọ kan.

Iṣẹ́ tó kù sì wà lọ́wọ́ tiwa. Ọ̀pọ̀ olórin wa tó kọjá sí Ìlú Ọba láàárín ọdún 1945 sí 1980 ló lùlù lórí àwo ẹlòmíràn tí orúkọ wọn wà lẹ́yìn pálí ní lẹ́tà wẹẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo nílé, ẹ yí pálí padà, ẹ kà á. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ bá rí síbì kan, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìdílé wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.

Mo ti bẹ ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí ẹ̀rọ kó gbé àwo kejì sí i, ojú kẹta. "Aiko Biaye" ló máa kọ́kọ́ wọlé. Ẹ má wulẹ̀ wá Baker, á fara hàn fúnra rẹ̀. Ẹ wá ìlù tí kò yẹsẹ̀ ní abẹ́ gbogbo wọn, ẹ di í mú, kí ẹ sì máa bá a lọ títí àwọn onífèrè á fi padà dé. Lẹ́yìn náà, ẹ lè bi mí ní ìbéèrè.